Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta: ẹni tó bá yọ dáínámò ara tírákítọ̀ àtijọ́ dànù láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn pààrọ̀ ohun tí kò yé e ni.

Ẹ wo Ferguson TE20, tírákítọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí wọ́n ṣe ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1946 sí 1956. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Bí bátìrì ọ̀kan nínú wọn ò bá gba iná mọ́ lónìí, ìmọ̀ràn tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: "Yọ ọ́, fi alternator sí i." Kí ló ṣe dáínámò ọ̀hún gan-an? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Àwa tí a ń fi kóòdù jẹun mọ irú àìsàn yìí dáadáa. Àléébù kan péré á yọjú nínú ètò kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á dìde, á ní ká da gbogbo ẹ̀ nù, ká tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó pẹ́, tuntun náà á ti ní àléébù tiẹ̀.

Ìwádìí ọ̀hún ò sì le. Ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì, bóyá ó ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú wáyà méjèèjì tó wà lára dáínámò, D àti F. Ẹ fi wáyà kékeré kan so ojú D àti F pọ̀, ẹ fi ẹnu mítà kan kan ibẹ̀, ẹ fi ìkejì kan ara irin. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ rọra gbé eré ẹ̀ sókè. Ẹ má jẹ́ kó sáré jù. Bí mítà bá yára dé nǹkan bíi volt 20, ara dáínámò le. Règúlétọ̀ tàbí wáyà ló ń dà yín láàmú. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ wo kábọ̀n: ó lè ti jẹ tán, ó sì lè há. Ẹ wo bàbà róbótó tí kábọ̀n ń fara ra, bóyá ìdọ̀tí ló bò ó. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ dáínámò ò ju ìyẹn lọ.

Ohun mìíràn tún wà: ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin TE20, òdì kejì ti ọkọ̀ òde òní. Ẹni tó bá kàn gbé alternator òde òní sí i láì yí bátìrì padà, á jó o ni.

A ò sọ pé alternator ò dáa o. Ó ń fún bátìrì ní iná dáadáa kódà bí ẹ́ńjìnnì ò sáré. Ẹni tó fẹ́ gbé iná ńláńlá sórí tírákítọ̀ kó fi ṣiṣẹ́ lóru, ó rí ìdí fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbà láàárọ̀ ńkọ́?

Wọ́n ṣe dáínámò yẹn kí ẹni tó ní sípánà lè tú u, kó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Bí a bá dà á nù, ìmọ̀ yẹn ló ń bá a lọ. Lọ́jọ́ tí alternator náà bá kú, òmíràn la máa rà, abí?

Ẹ mú mítà kẹ́ ẹ tó mú owó.