Omi ẹ̀rọ di kànga dẹ̀rọ: Bí ìlérí omi ṣe ń kéré sí i lẹ́nu àwọn olóṣèlú

Bí ìdìbò ọdún 2027 ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ omi ò ní pẹ́ gba ẹnu àwọn olóṣèlú kan. Ìlérí omi kì í ṣe nǹkan tuntun l'Ékòó. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ìlérí náà ti ń kéré sí i.

Láyé ìjọba amúnisìn, owó ni ìjà dá lé lórí. Ìjọba fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó láti Ijú. Ọ̀pọ̀ ará Èkó kọ̀ láti san owó omi. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn í lò, àti pé àwọn òyìnbó ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó tako owó náà, nígbà tó sì di 1916, ọ̀rọ̀ di rògbòdìyàn. Ta ni yóò sanwó ni wọ́n ń jà lé lórí; pé ìjọba ló ń fa omi ò rujú sí ẹnikẹ́ni.

Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ètò mẹ́rin jáde: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Omi ò ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ní 1986, ìjọba ológun Babangida dá DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko. Lẹ́nu ìjọba nígbà náà, àfi bí ẹni pé ará oko nìkan ni kò rómi lò. Bẹ́ẹ̀, ará ìlú ńlá náà ń gbé garawa kiri.

Láti 1999 ni ọ̀rọ̀ ti wá di "èrè ìjọba tiwantiwa". Olóṣèlú ò sọ pé òun máa fa omi dé inú ilé mọ́. Kànga dẹ̀rọ tó gbẹ́ sí àdúgbò ló ń kà síta. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára táǹkì, wọ́n á gé rìbọ́nù, fọ́tò á jáde. Tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́. Ọ̀pọ̀ irú kànga bẹ́ẹ̀ ò ní ju orúkọ ara táǹkì lọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pàjáwìrì lórí omi àti ìmọ́tótó. Àmọ́ pàjáwìrì tó pẹ́ lọ́dún lọ́dún ti di bárakú. Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 2024, ohun tí ìjọba ń sọ fún aráàlú ni pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí iṣẹ́ wá já sí: ìjọba ló ń fa omi tẹ́lẹ̀, aráàlú ló wá ń wá a, tó ń rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà àti nínú ọ̀rá, tó tún ń sè é.

Tí olóṣèlú bá wá dé pẹ̀lú ìlérí omi lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bá pàdé. Ṣé omi ẹ̀rọ ni àbí kànga? Ta ni yóò máa tún un ṣe? Ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Táǹkì ofìfo ò tutù.