Àjò Ṣáínà Parí: Ẹrù Wo Ni Ká Dì Bọ̀ Wálé?

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní ilẹ̀ Tógò, nínú abala wa méjì tó ṣáájú, a ròyìn fún yín bí àwa ọ̀rẹ́ méje tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà nígbà èwe ṣe fi ọdún mẹ́rin dá àjọ, tí a fi owó àjọ náà wọ bàálù ní Kútọnù, tí a sì gba Addis Ababa dé ilẹ̀ Ṣáínà. A ròyìn ọjà Yiwu tó pín sí ọ̀pọ̀ ẹkùn, tí ẹsẹ̀ wa fi wú kí a tó rìn já ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Lónìí, a fẹ́ sọ bí àjò náà ṣe parí. Ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn ni a lò ní Guangzhou, ìlú ńlá ìhà gúúsù tí àwọn Faransé ń pè ní Canton.

Ọjọ́ ìkẹyìn àjò kò jọ ọjọ́ àkọ́kọ́ rárá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú là ń fi nájà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ìwé tí a kọ orúkọ ará ilé sí ni a ń fi nájà: ti ìyá, ti àna, ti ọ̀gá ibi iṣẹ́, ti aládùúgbò tó bá wa ṣọ́ ilé. Owó ń lọ sílẹ̀, orúkọ ń pọ̀ sí i, báàgì kò sì ní ju kílò 23 lọ.

Kí a tó kúrò ní Yiwu, ọjà ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ níbẹ̀ kì í ta ẹyọ kan. Bí ẹ bá na ìka sí agboòrùn kan, odindi páálí ni ẹni tó ń tà á yóò kọ sójú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò yìí ni ògbufọ̀ gbogbo ọjà: ẹ̀yin á tẹ iye tiyín, òun á tẹ tirẹ̀, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹni kan kò lè dá ra ẹ̀bùn fún ará ilé. Àfi kí a da owó pọ̀, kí a ra páálí kan, kí a sì pín in lórí ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́. Báyìí ni àwa méje ṣe pín agboòrùn, ìwé àkọsílẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí ní kíláàsì. Ìdálẹ̀ ni a ti wá rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní Guangzhou, ara kọ́kọ́ tù wá. Ní àdúgbò Xiaobei, a gbọ́ Faransé, a gbọ́ Bàǹbàrá, a gbọ́ Íbò, a sì gbọ́ Yorùbá àwọn ará Èkó ní òpópónà kan náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn Mùsùlùmí inú wa lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí Huaisheng, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Ṣáínà. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn Kátólíìkì inú wa lọ gbọ́ Máàsì ní kàtídírà olókùúta tí àwọn míṣọ́nnárì Faransé kọ́ láàárín ọdún 1863 sí 1888. Ní ọjọ́ méjèèjì, orí tábìlì kan náà ni gbogbo wa ti jẹun, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe ní Àjàṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wà láàárín ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a lọ sí ọjà aṣọ Zhongda, tó wà nítòsí Yunifásítì Sun Yat-sen. Ẹni tó bá mọ ọjà Dantokpa ní Kútọnù, kí ó mú gbogbo ìsọ̀ aláṣọ ibẹ̀, kí ó sọ wọ́n di púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá kó ìdì aṣọ lé orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù tó ń sáré láàárín èrò. Ọ̀rẹ́ wa kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì ló ṣáájú wa. Ó ní ìsọ̀ aṣọ ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni, ìyá rẹ̀ sì ni aláró tó gbẹ́yìn nínú agbo ilé wọn.

Ní ìsọ̀ kan, Ìyá Ìbejì dúró lójijì. Aṣọ aláró ló rí níbẹ̀, ìdì lórí ìdì, pẹ̀lú òbírí, ẹyẹ àti ilà wẹ́wẹ́ tí ojú wa mọ̀ dáadáa. Ó fi ọwọ́ kan án, ó ní: “Ẹ wá wo nǹkan. Ìyá mi ló máa ń ya èyí. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ló fi ń yà á.”

Ojú ti àwa tí a ń kọ abala yìí. Ẹ̀wù tí a wọ̀ ní kíláàsì ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé, nígbà tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má ta àṣà wọn nù, ara aṣọ yìí gan-an ni. Àjàṣẹ́ ni a ti rà á. Adìrẹ ni a pè é fún àwọn ọmọ náà.

Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà tẹ iye owó sí ẹ̀rọ ìṣirò: yuan 9 fún mítà kan, tí kò tó 800 fráǹkì Séfà, mítà 500 ló sì kéré jù tí yóò tà. Owó tó kù lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tí yóò jẹ lérè. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tó sì ń tọ́jú owó àjọ, sún mọ́ ọn.

“Ìyá Ìbejì, ta lẹ máa sọ fún màmá pé ó ṣe aṣọ yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ó rọrùn fún yín láti ní kí n fi í sílẹ̀. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí n kò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á kí n tó dé ilé. Ṣé àṣà ni mo máa kó lọ san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn?”

Kò sí ẹni tó lè fèsì. Òótọ́ ni ó sọ, òótọ́ náà sì ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n.

Ọmọbìnrin Ṣáínà tó ń ṣe ògbufọ̀ wa, tó kọ́ Faransé ní yunifásítì, ló bá wa bi ọkùnrin náà pé níbo ni ó ti rí àwòrán wọ̀nyí. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì tú aṣọ kan sílẹ̀ níwájú wa: aṣọ àtijọ́, tó ti ṣá díẹ̀, tí a ti gé igun rẹ̀ kan. Ó ní oníbàárà kan láti ilẹ̀ Áfíríkà ló mú un wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tó ní kí àwọn bá òun tẹ irú rẹ̀ lọ́pọ̀. Ìyá Ìbejì gbé aṣọ náà sí imú. Ó ní òórùn aró kò tíì tán lára rẹ̀.

A ti ń wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi láàárín àwọn ará Ṣáínà. A kò rí i níbẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ń tẹ ohun tí a bá gbé wá síwájú rẹ̀. Ọwọ́ tiwa ló gbé e wá.

Nígbà tí a jáde, ògbufọ̀ wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò retí. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Miao, ní ẹkùn Guizhou. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi ìda oyin yàwòrán sára aṣọ funfun, wọn a rì í bọ inú aró ewé, wọn a sì fi omi gbígbóná yọ ìda náà kúrò. Òun kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé ni wọ́n ní kí ó gbájú mọ́. Ní báyìí, ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán Miao náà sára aṣọ, ó sì wà nínú ọjà kan náà. Ó tún ní àwọn èèyàn òun máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ta olùkọ́ rẹ̀ yọ wé àwọ̀ búlúù tó jáde lára ewé aró, tó wá dú ju ewé náà lọ. Àwa olùkọ́ dákẹ́. A ń ronú lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ta wá yọ bí a kò bá ní ewé lọ́wọ́ tí a óò fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó nínú yàrá Ẹ̀gbọ́n láti ṣe ìṣirò owó. Ìyá Ìbejì kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní: “Aṣọ funfun náà wà ní ọjà yẹn. Òwú gidi ni.”

Ọ̀rọ̀ náà yé wa díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé gbogbo aṣọ adìrẹ ni a hun nílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, aṣọ funfun tí ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ aláró Abẹ́òkúta ń fi ṣe adìrẹ. Rírà láti ìdálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìyá wa ra ohun tí wọn kò ní, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ní sára rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe ní Zhongda yàtọ̀: a fẹ́ fi owó ra ohun tí ìyá wa ní.

Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kò ní tà kíákíá bí aṣọ aláwòrán. Mítà 200 tí Ìyá Ìbejì fẹ́ rà wúwo tó kílò 36, báàgì tirẹ̀ sì ti kún. Ẹ̀gbọ́n ló sọ ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti sọ. Ó ní ẹnu tí a fi bá a jiyàn, ó yẹ kí orí náà bá a ru ẹrù rẹ̀. Àwa mẹ́fà tó kù yọ kílò mẹ́fà mẹ́fà kúrò nínú ẹrù wa. Agboòrùn dúró sí òtẹ́ẹ̀lì. Ìkòkò iná mànàmáná tí àwa tí a ń kọ abala yìí rà fún àna wa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú, wọn kò sì tíì dárí jì wá títí di òní. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ìbejì ra ìdì aṣọ funfun méjì. Ó tún ra mítà kan péré lára aṣọ aláwòrán náà, lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń gé e tà. Ní ọjọ́ Ajé, a wọ bàálù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a bá a lọ sí Kétu. Màmá jókòó sẹ́yìn ilé, nítòsí ìkòkò aró tó ti gbẹ. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì gbé mítà kan náà fún un, kò sọ ohun tó jẹ́. Màmá wo ojú aṣọ náà, ó ní ẹni tó yà á mọ̀ ọ́n yà. Lẹ́yìn náà, ó yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, nítorí ojú kan ni ẹ̀rọ ń tẹ̀, aró ìkòkò ní tirẹ̀ sì máa ń mu aṣọ já.

Màmá ní: “Aṣọ yìí kò lẹ́yìn.”

Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé èyí tó funfun wá.

A kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Nínú mítà 200, 30 péré ni Màmá ti rẹ. Ewé èlú kò sí nítòsí mọ́ bíi ti àtijọ́; ẹni tó máa gún un, tó máa ṣù ú, tó máa sẹ́ omi eérú, tó sì máa ṣọ́ ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kò sí nínú ilé. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n nígbà tó bá mú ìyẹ́ adìyẹ. Mítà 30 náà tà, owó rẹ̀ sì ju ohun tí Ìyá Ìbejì rò lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó owó ilé ẹ̀kọ́ ẹni kan nínú àwọn ìbejì.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti yunifásítì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ń kọ́ ìyàwòrán, ó ń fi fóònù rẹ̀ ká ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí ó ti ń dárúkọ àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ti sọ fún kíláàsì wa pé ẹ̀wù ọjọ́sí kì í ṣe adìrẹ. A yí i padà níwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní àwọn fẹ́ rí ìkòkò aró lójú ara wọn. Nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, a óò kó wọn lọ sí Kétu. Mítà 170 ṣì wà nínú àpótí níbẹ̀, ó funfun, kò tíì kan aró.