A KÌ Í GBỌ́ TI APÁ KAN DÁ ẸJỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa nígbàkúùgbà tí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́: ǹjẹ́ prósẹ́sọ̀ tí ó ti bàjẹ́ lè ba mọ́dàbọ́ọ̀dù jẹ́? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Owó tí àwọn òbí fi òógùn ojú kó jọ ni a fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí a bá sì gbà gbọ́ ni yóò sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni owó náà yóò ṣòfò tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Èrò tiwa ni pé ó lè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni pátákó tí ó gbé e dúró tí ó sì ń fún un ní iná. Iná fóltì 12 ni ó ń wọ inú pátákó náà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ó wà nítòsí prósẹ́sọ̀ a sì dín in kù sí nǹkan bí fóltì 1. Bí ọ̀nà iná méjì tí kò yẹ kí ó kanra bá kanra nínú prósẹ́sọ̀, ó lè fa iná ní àfajù títí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí yóò fi jóná. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn pátákó òde òní ní ààbò tí í pa iná kí ewu tó dé.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Bí ẹ̀yà tí ń dín iná kù bá bàjẹ́ tí fóltì 12 sì kọjá ní tààrà, ó lè pa prósẹ́sọ̀. Bí a bá sì ra tuntun gbé sórí pátákó kan náà, òun pẹ̀lú lè bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 kan, tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe, jóná, wọ́n sì jó ibi tí wọ́n jókòó sí lórí pátákó. Iná tí àwọn pátákó kan ń fún apá kan prósẹ́sọ̀ náà ni ó pọ̀ jù, AMD sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kọjá fóltì 1.3. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àwọn prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń dákú, ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ nàka sí ètò tí àwọn tí ń ṣe pátákó ṣe. Nígbà tí ó di oṣù Keje, ó jẹ́wọ́ pé ìlànà inú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ń béèrè iná tí kò tọ́, ní oṣù Kẹjọ ni ó sì fi ọdún méjì kún àkókò tí ó fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ ọjà náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọn má ṣe sanwó fún ẹ̀yà tuntun kankan kí a tó yẹ méjèèjì wò. Kí a yọ prósẹ́sọ̀ kúrò, kí a wo àyè rẹ̀ bóyá ó jóná tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́. Kí a fi mítà wọn pátákó náà. Bí a óò bá dán prósẹ́sọ̀ tí a fura sí wò, kí ó jẹ́ lórí pátákó tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í ṣe lórí èyí tí àwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Kí oníṣẹ́ sì dá ẹ̀yà tí ó yọ padà fún ẹni tí ó ni ín. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀, kí a gbé ẹ̀rọ wa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.