Òfìfo Kì Í Ṣe Orúkọ Ènìyàn

Ní Lamordé, ní òdìkejì odò Ọya sí àárín ìlú Niamey, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, owó olówó ni mo sì fi kọ́ ọ. Àwọn ìyá Yorùbá kan tí wọ́n ń tajà níbẹ̀ ní kí n bá àwọn gbé ìwé àjọ àwọn sórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe òfin pé nọ́ḿbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ méjì kò gbọdọ̀ jọra. Ẹnì kan dé tí kò ní fóònù. Mo tẹ òdo mẹ́jọ fún un, nítorí oní-mẹ́jọ ni nọ́ḿbà fóònù ní Niger. Ìyá àgbà kan tún dé, òun náà kò ní. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́: nọ́ḿbà yìí ti wà. Màmá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ní mi ò sí ni?"

Kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀. Èmi ni mo purọ́ fún un.

Dátábéèsì ní àmì kan fún ibi tí iye kò sí: NULL. NULL kì í ṣe òdo, nítorí òdo gan-an jẹ́ iye. Nínú ìwé tí E. F. Codd kọ ní 1979, ìdáhùn mẹ́ta ló wà: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò mọ̀. Bí a bá béèrè bóyá ohun àìmọ̀ kan dọ́gba pẹ̀lú òmíràn, ìdáhùn ni pé a kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí PostgreSQL, MySQL àti SQLite fi ń gba NULL púpọ̀ lábẹ́ òfin UNIQUE. Ní ti SQL Server, ẹyọ kan péré ló ń gbà.

Mo yọ òdo kúrò, mo fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo, àwọn méjèèjì sì wọlé. Inú mi dùn, àṣé ó ku ẹyọ kan.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá jẹ owó kò gbọdọ̀ yá òmíràn títí yóò fi san án tán. Mo fi UNIQUE so orúkọ pọ̀ mọ́ ọjọ́ tí gbèsè parí. Ẹni tí kò tíì san, ọjọ́ tirẹ̀ ṣófo. Nígbà tí òfìfo kò sì bá òfìfo dọ́gba, ẹnì kan yá owó lórí owó, kọ̀ǹpútà kò wí nǹkan kan. Ọjọ́ tí àjọ kan ẹlòmíràn ni akápò tó rí i pé owó kò pé.

Òfìfo méjèèjì kò rí bákan náà. Ti àkọ́kọ́ ni "kò ní". Èkejì ni "kò tíì san". PostgreSQL 15, tó jáde ní 2022, ní NULLS NOT DISTINCT fún irú èkejì yìí. Kó tó dé, a lè fi atọ́ka UNIQUE sórí àwọn gbèsè tí ọjọ́ wọn ṣófo nìkan, kí orúkọ kan má lè hàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irinṣẹ́ wà. Ìbéèrè ni a kì í béèrè.

Àwọn kan yóò ní kí a ti ilẹ̀kùn pa: ẹni tí kò bá ní nọ́ḿbà, kó lọ wá a. Èmi kò gbà. Ní ilẹ̀ wa, irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í pèsè nọ́ḿbà fún ẹnikẹ́ni; irọ́ ló ń bí. Akọ̀wé yóò tẹ òdo, tàbí kó sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni gbogbo arúgbó ìlú délé ayé. Àwọn ìwé ìdánimọ̀ tó ń kọ "né vers", ìyẹn pé a bí ẹni náà ní nǹkan bí ọdún báyìí, sàn ju ìyẹn lọ. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì dákẹ́ lórí èyí tí wọn kò mọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó kọ UNIQUE, ẹ bi òfìfo kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé kò ní ni, ṣé kò tíì ni, àbí a kò mọ̀? Ẹ bi àwọn tó ni ìwé náà pẹ̀lú. Ká ní mo bi akápò ni, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí yóò fi là á yé mi.