Ẹ Kìlọ̀ fún Bàálù, Ẹ Kìlọ̀ fún Wa Náà

Ṣé ẹ gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ àárọ̀ yìí? Wọ́n ní eruku ọyẹ́ ń bọ̀, kí àwọn awakọ̀ òfúrufú ṣọ́ra, torí ojú ò ní ríran jìnnà. Ó parí! Ìyá tó pọn ọmọ oníkọ́ fée sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ kìlọ̀ fún bàálù, ẹ kìlọ̀ fún wa náà!

Ó ká mi lára. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan n'Íbàdàn, ilẹ̀ ṣú, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́, ewé kan ò mì. Mo ní irú alẹ́ yìí dára, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin tó ní ikọ́ fée. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èémí rẹ̀ ti ń súfèé. Ilé ìwòsàn la bá ojúmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìparọ́rọ́ yẹn gan-an lewu. Tí ilẹ̀ bá tutù lóru ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tútù á sùn sílẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín ààtàn, èéfín mọ́tò, kò séyìí tó máa ráyè gòkè. Àwa la ó fà á símú.

Ẹnì kan á pè, á ní: "Ọyẹ́ ti ń fẹ́ látayé bàbá wa." Ṣé bàbá yín tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé ni? Eruku ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá lóòótọ́, àmọ́ èéfín wa ló ń bá nílẹ̀. Òmíràn á ní àsọtẹ́lẹ̀ lè yẹ̀. Ti òjò náà ń yẹ̀, a ṣì ń mú agboòrùn dání!

Àwọn tó ń kéde ojú ọjọ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n mọ bó ṣe le tó, wọ́n mọ̀gbà tí òjò máa fọ ojú ọ̀run. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eruku sí àdúgbò wa, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ìkéde ojú ọjọ́. Eruku kíkúnná tí mò ń wí yìí, irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Kì í dúró nímú, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24. Èló ni tiwa máa jẹ́ lọ́la?

Ìyá alákàrà tó máa dáná ní aago márùn-ún ìdájí, ta ló bá a sọ̀rọ̀? Ẹ kìlọ̀ fún bàálù, ẹ kìlọ̀ fún wa náà! Mò ń retí ìkéde aago méje alẹ́.