"Borrow Me" Kì í Ṣe Àmì Òpè

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwa alákọ̀wé: pé ẹni tó bá ní "borrow me your pen" kò kàwé dójú àmì, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ má jí pépé. Wọ́n ní olówó ló ń "lend", atọrọ ló ń "borrow", èdè ìyá wa ló sì kó bá wa, torí pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà. Irọ́ gbuu ni, Warehouse Road sì tó ẹlẹ́rìí.

Ẹ lọ dúró lójú ọ̀nà yẹn ní Àpápá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Tírélà á ti tò, àwọn ejẹ́ǹtì tó ń báni gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù á máa sáré kiri, fáìlì lábíyá. Ọ̀kan á nawọ́ sí ẹnì kejì: "Oga, borrow me biro." Ẹni tó ní báírò á yọ ọ́ lápò, á fún un, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ta ni kó fún ta. Bí ejẹ́ǹtì kan náà bá sì ní "I borrow am from my brother," gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló jẹ gbèsè. Ibi tí a gbé ènìyàn sí nínú gbólóhùn ló ń sọ ibi tí nǹkan ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe ń ṣe é. "Yá mi lówó" yàtọ̀ sí "mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀", ọmọ ọdún mẹ́ta kò jẹ́ ṣì wọ́n mú. Ayánilówó kì í ṣe onígbèsè, ayálégbé kì í sì í ṣe onílé. Àwìn ńkọ́? Ẹni tó tà á tà á láwìn, ẹni tó rà á rà á láwìn, síbẹ̀ àwọn Òṣómàáló, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láyé àtijọ́, kò lóṣòó gba gbèsè sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò jẹ wọ́n lówó.

Ní Àjẹgúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò, Hausa àti Yorùbá mìíràn jọ ń gbé àgbàlá kan náà, pijín ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Pijín ní òfin tirẹ̀, BBC pàápàá dá ẹ̀ka ìròyìn sílẹ̀ fún un lọ́dún 2017. Ẹni tó bá fi yíǹkì pupa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé "borrow me" tí a sọ ní pijín, òfin ayò ló fi ń ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wò. Onílé tó fi yàrá gbowó, "rent" ló ṣe. Ẹni tó sanwó tó kó wọlé, "rent" náà ló ṣe. Ẹ ò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ní Kutonu, "louer" lédè Faransé ń ṣiṣẹ́ fún onílé àti ayálégbé bákan náà. Àwọn ará Jámánì ní "leihen" fún ẹni tó yáni àti ẹni tó yá, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n lópè. Nígbà tí àwọn Jámánì àtàwọn ará Scandinavia ṣí lọ sí Wisconsin àti Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọn ń sọ "borrow me" níbẹ̀, aláwọ̀ funfun ni wọ́n o. Àwọn kan ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ "can I lend your pen?", ìyẹn ni pé wọ́n tún dorí rẹ̀ kodò. Shakespeare alára lo "learn" fún kíkọ́ ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́ nínú The Tempest. Ǹjẹ́ ẹ máa dá a padà sí kíláàsì kejì?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé èdè tí wọ́n ń pè ní aláìní ló ní lọ́wọ́. Bí mo bá gba agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ, mo yá a: agbòòrùn yẹn gan-an ni mo máa dá padà. Bí mo bá gba gààrí tàbí iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ, mo wín in: mo máa jẹ ẹ́ tán, irú rẹ̀ ni mo máa fi san. Lóòótọ́, a ti ń fi yá ṣe iṣẹ́ wín, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ owó. "Borrow" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì. Àwọn amòfin Róòmù àtijọ́ rí i pé wọn ò jọra, wọ́n pe ti agbòòrùn ní commodatum, wọ́n pe ti gààrí ní mutuum. Àwọn ìyá wa tí kò rí Róòmù rí ń ya wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé sí báǹkì tàbí tó jókòó sídìí ìdánwò WAEC, "lend" ni kó kọ bó bá fẹ́ kí wọ́n yá òun ní nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ìwé ni wọ́n bèèrè níbẹ̀, máàkì sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kọ́ ìyẹn bí a ṣe ń kọ́ òfin ojú títì ìlú onílùú, a ò kọ́ ọ torí pé tiwa burú. Èmi ò sì rí ìjà owó kan tí "borrow me" dá sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò dá fún sísan, èlé tí wọn ò sọ jáde, ẹlẹ́rìí tí wọn ò pè, àwọn wọ̀nyí ló ń gbé ọ̀rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá gbọ́ "borrow me" ní kíláàsì, kó ju pàṣán sílẹ̀, kó má sì bu owó ìtanràn fún ọmọ náà. Kó kọ "lend me" sójú pátákó, kó kọ yá àti wín sábẹ́ rẹ̀, kó sì ní kí ọmọ náà ṣàlàyé èwo ló jẹ́ ti iyọ̀.