Oúnjẹ Adìẹ: Gbígbẹ Nìkan Kò Tó

Àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn olùsìn adìẹ pé bí ẹ̀jẹ̀ màlúù tàbí ẹja lílọ̀ bá ti gbẹ táútáú, ewu ti tán nínú rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, kòkòrò àrùn inú kan, Salmonella Agona, bẹ̀rẹ̀ sí dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nẹ́dálándì àti Ísírẹ́lì. Gánà, aládùúgbò wa, ni a ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpa rẹ̀, ẹja lílọ̀ láti ilẹ̀ Pérù ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn: adìẹ jẹ ẹja, ènìyàn jẹ adìẹ. Ọjà gbígbẹ ni ó la òkun kọjá o. Kòkòrò náà kò kú sínú àpò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ooru a máa tètè pa kòkòrò yìí nígbà tí oúnjẹ bá ṣì tutù. Bí ó bá ti gbẹ, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ a le koko. Kì í bí sí i, ṣùgbọ́n ó lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀, ìwọ̀n ooru tí ì bá pa á nínú omi kò sì ní tó láti pa á mọ́. Ẹni tí ó se ẹ̀jẹ̀ nínú àgbá títí tí ó fi hó dáadáa ti ṣe iṣẹ́ rere. Bí ó bá wá dà á sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, níbi tí lékèélékèé, eku, eṣinṣin àti bàtà alápatà ń gbà kọjá, ó ti gba àrùn padà. Oòrùn kò gbóná tó láti tún un ṣe. Ti ìgbà òjò ńkọ́?

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2011 kò fi ti ìkòkò nìkan ṣe. Ó ní kí a bu giramu 25 ní ọ̀nà 5 nígbà tí ọjà bá wà ní ilé ìkópamọ́ tàbí tí ó bá ń jáde níbẹ̀; Salmonella kò gbọdọ̀ sí nínú ẹyọ kan.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá ń ṣèlérí ẹyin fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí adìẹ ń jẹ. Kí ìjọba ṣe pẹpẹ gíga alórùlé, tí a fi àwọ̀n yí ká, sí ilé ìpẹran. Kí ṣọ́bìrì ẹ̀jẹ̀ tútù má ṣe kan èyí tí a ti sè. Kí dókítà ẹran máa yẹ àpò wò kí ó tó dé ọjà. Títí di ìgbà náà, kí olùkọ́ tí ó ń sìn adìẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ bi ẹni tí ń tà á léèrè ibi tí ó sá a sí, kí ó sì rí i pé àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún adìẹ lóúnjẹ.